Ohun tí Ẹrọ̀fọ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún Ń Sọ Nípa Igbó àti Ọ̀dàn Àtijọ́

Orúkọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ìyẹn Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, ń tọ́ka sí ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pààlà. Ẹni tó bá dúró ní Baṣọ̀run lónìí, ilé àti títì ni yóò rí. Kò sí igi kan níbẹ̀ tó lè sọ ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu pàápàá kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí.

Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń gbé iyẹ̀pẹ̀ àti ewé jíjẹrà wọ inú adágún. Ti ọdún yìí a máa dùbúlẹ̀ lórí ti èṣí. Bí ohunkóhun kò bá rú u, ẹrọ̀fọ̀ náà yóò tò ní ìpele-ìpele, ti ìsàlẹ̀ ni yóò sì jẹ́ àgbà. Àwọn onímọ̀ a máa ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́, wọn a sì fi kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹ̀ òdòdó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ló ṣíwájú ẹ̀kọ́ yìí ní Nàìjíríà. Nínú ẹrọ̀fọ̀ agbègbè ẹnu odò Ọya, ó rí i pé ìyẹ̀ òdòdó ọ̀pẹ pọ̀ sí i ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ó sì rí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ọ̀dá ló ṣí igbó sílẹ̀ tí ọ̀pẹ fi ráyè hù. Ní 2005, Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann fi ìyẹ̀ òdòdó inú Adágún Sélé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, hàn pé igbó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 8,400 sẹ́yìn, kí ó tó di ọ̀dàn lójijì ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn. Ojú ọjọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iná àti ọkọ́ àgbẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ pé ó sọ igbó di ọ̀dàn.

Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ òdòdó ní àléébù. Afẹ́fẹ́ lè gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, ti oríṣiríṣi koríko sì jọra púpọ̀ lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Níbí ni DNA, èròjà àbùdá tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí jogún, ti wúlò. Bí ewé bá jẹrà, díẹ̀ nínú DNA rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ amọ̀, a sì lè wà níbẹ̀ pẹ́ títí. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fi wá láti ilẹ̀ òtútù: Siberia ní 2003, àti Greenland ní 2022, níbi tí wọ́n ti rí DNA tó ti tó mílíọ̀nù méjì ọdún. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé ilẹ̀ olóoru kò lè mú irú rẹ̀ jáde. Ní 2017, Laurent Bremond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí DNA ohun ọ̀gbìn inú ẹrọ̀fọ̀ adágún ní Benin, tó bo ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún. Ewéko etí omi àti ti inú omi ni DNA sábà máa ń fi hàn, nígbà tí ìyẹ̀ òdòdó ń ròyìn igi ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan kò lé èkejì lọ.

Iṣẹ́ náà gba ìṣọ́ra gidi. Àgbàdo tí òṣìṣẹ́ jẹ láàárọ̀ lè di àgbàdo ẹgbẹ̀rún ọdún bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́. Bákan náà, bí a kò bá rí DNA igi kan, kò túmọ̀ sí pé igi náà kò sí níbẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ pé ooru ti bà á jẹ́.

Ìbàdàn ní omi tirẹ̀. 1942 ni wọ́n parí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé lórí Odò Ọ̀nà, nítorí náà ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ kò tíì dàgbà. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí omi ti ń kó ohun tó ń ṣàn wá láti òkè odò náà sílẹ̀ síbẹ̀, ní àkókò gan-an tí ilé gba ipò oko. Bí wọ́n bá fi katakata kó ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, ìpele rẹ̀ yóò dàrú, kò sì ní ṣeé kà mọ́. Páìpù ló yẹ kó ṣáájú katakata.