Mímú Ajá Lọ Gba Abẹ́rẹ́ ní Atakpamé

Atakpamé jẹ́ ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Tógò. Àárín àwọn òkè ni ó wà, lójú ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Lomé lọ sí ìhà àríwá. Láti Lomé dé ibẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160.

Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń gbé ìlú náà. Àwọn Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Ana. Ìtàn wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Àwọn Ewé, àwọn Akposso, àwọn Kabiyè àti àwọn Haúsá náà wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ajá. Ajá ń ṣọ́ ilé lóru. Ajá ń bá ọdẹ lọ sí igbó. Ṣùgbọ́n ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ lè kó àrùn digbòlugi.

Kí ni digbòlugi?

Digbòlugi jẹ́ àrùn tí ó ń pa ènìyàn. Ó wà nínú itọ́ ajá tí àrùn náà ń ṣe. Bí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ, àrùn yóò gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ara. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò rìn títí yóò fi dé ọpọlọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí í yè é. Ọ̀pọ̀ ọmọdé wà lára àwọn tí ó ń pa, nítorí ọmọdé fẹ́ràn láti máa bá ajá ṣeré.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lè dènà rẹ̀. Ní ọdún 1885, ajá digbòlugi bu ọmọ ọdún 9 kan jẹ. Joseph Meister ni orúkọ ọmọ náà. Louis Pasteur ṣe ètò kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tuntun ní ìlú Paris. Ọmọ náà kò kú.

Lónìí, abẹ́rẹ́ wà fún ajá pẹ̀lú. Ó ń kọ́ ara ajá bí yóò ṣe bá àrùn náà jà kí ó tó dé. Bí ajá bá pé oṣù 3, ó lè gba ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, yóò máa gbà á lọ́dọọdún.

Kí wọ́n tó jáde nílé

Àgbà ni ó ń mú ajá lọ. Ọmọdé lè tẹ̀ lé e. Òwúrọ̀ dára jù, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Wọ́n á fún ajá ní omi. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n á mú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Nínú ariwo ìlú, ajá rere pàápàá lè má gbọ́ ìpè. Okùn ni kì í jẹ́ kí ó sọnù.

Lójú ọ̀nà

Ọ̀nà Atakpamé ń gun òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan ń lọ, ó ń bọ̀. Ọkọ̀ ńlá ń fun fèrè. Etí ajá gbọ́ràn ju ti ènìyàn lọ, nítorí náà ariwo yìí lè dẹ́rù bà á. Bí wọ́n bá kọjá lọ́jà, yóò gbọ́ òórùn ẹran àti ẹja. Yóò fẹ́ yà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú okùn kúrú, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ajá. Àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọn yóò fi kírun. Nítorí náà, ẹni tí ó mú ajá á dúró, á sì jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ó dára kí ọmọ mọ orúkọ ajá ní èdè púpọ̀. Bí ẹnìkan bá kígbe, yóò mọ ohun tí ó ń wí:

Yorùbá: ajá
Ewé: avu
Haúsá: kare
Faransé: chien

Lọ́dọ̀ dókítà ẹran

Dókítà á wo ojú ajá, á wo ẹnu rẹ̀. Inú ohun tí ó tutù ni ó ń tọ́jú oògùn náà sí, nítorí ooru ń bà á jẹ́. Ẹni tí ajá mọ̀ dáadáa á dì í mú. Abẹ́rẹ́ náà kì í pẹ́. Dókítà á kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ajá, kí wọ́n má bàa gbàgbé ti ọdún tí ń bọ̀.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ

1. Kí ọmọ náà sọ fún àgbà lójú ẹsẹ̀. Kí ó má fi pa mọ́, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.
2. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15.
3. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé ń rántí ìjà tí a ń bá digbòlugi jà. Ọjọ́ yẹn ni Pasteur kú ní ọdún 1895. Ajá tí ó gba abẹ́rẹ́ ń dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì ń dáàbò bo gbogbo ọmọ àdúgbò.

Ìbéèrè

1. Níbo nínú ara ajá ni àrùn digbòlugi wà?
2. Kí nìdí tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ajá lọ́rùn ní ìlú?
3. Kí ni Ewé ń pe ajá?
4. Bí ajá bá bu ọ̀rẹ́ rẹ jẹ, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?