Ìwọ̀n Oòrùn Tí Ó Yẹ Ọmọ Kọfí

Ní oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, láàrin ọjọ́ mẹ́rin péré, ọmọ kọfí 240 kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú 300 tí a ti fi oṣù mẹ́rin tọ́jú. Kì í ṣe òǹgbẹ ni ó pa wọ́n, kì í ṣe kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ inú ọ̀rá wọn kò ṣá. Oòrùn ni; bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, àwa fúnra wa ni. Nítorí a mọ̀ pé irú wa pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé tí ń gbin nǹkan sínú ọ̀rá àti agolo lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, a rò pé kò yẹ kí ìtìjú dí wa lọ́wọ́ láti ròyìn rẹ̀.

Baba wa gbin kọfí sí oko rẹ̀ nígbà tí Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Àwọn igi náà ti gbó. Òmíràn kò so ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ mọ́. Àbúrò wa tí ó ń gbé ní Lọ́kọ́ja fẹ́ kí a ta ilẹ̀ náà. Àwa wí pé rárá, a ó tún un gbìn. Nítorí náà ikú àwọn ọmọ igi wọ̀nyí kò jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ọ̀rá lásán: ọdún kan gbáko ni ó gbà lọ́wọ́ wa, àbúrò wa kò sì dákẹ́.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. A gbin kóró kọfí ní oṣù kọkànlá. Kọfí kì í yára hù bí àgbàdo. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ó tó yọ orí, nígbà tí ó bá sì yọ, a gbé kóró rẹ̀ sórí igi tín-ín-rín bí ọmọ ogun tí ó dé fìlà. Lẹ́yìn èyí ni fìlà náà yóò là, tí ewé méjì róbótó yóò ṣí bí ìyẹ́ labalábá. Nítorí ewúrẹ́ àdúgbò, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a to àwọn ọ̀rá náà sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ga kíákíá, inú wa sì dùn. A kò fiyè sí i pé ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀, pé ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àti pé gbogbo wọn tẹ̀ síhà ìta bí ẹni tí ń yọjú wo ìran. Ebi ìmọ́lẹ̀ ni ó ń pa wọ́n. Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis kọ̀wé lórí irú títẹ̀ yìí ní 1880: wọ́n dé nǹkan bo ṣóńṣó orí ọmọ koríko, wọ́n sì rí i pé èyí tí a dé lórí kò tẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a kò dé lórí tẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan wí pé oòrùn ni wọ́n ń fẹ́. Òtítọ́ ni ó sọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé a kó gbogbo wọn sí gbangba àgbàlá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé, ewé wọn ti funfun lábàwọ́n. Ní ọjọ́rú wọ́n ti dà bí ìwé tí iná là.

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń gbin kòkó àti kọfí kí a tó bí wa. Ó dúró wò wọ́n títí.

“Ọmọ mi, ta ni í gbé ìkókó láti inú yàrá lọ sí àárín ọjà ní ọ̀sán gangan?”

“Ẹ má bínú, ìyá, àìmọ̀ ni.”

“Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìmọ̀ ìwé mu. Ewé tí igi ṣe nínú òjìji a máa fẹ̀, a sì máa fẹ́lẹ́. Èyí tí ó ṣe nínú oòrùn a máa kéré, a sì máa nípọn. Ewé tí ó ti dàgbà tán nínú òjìji kò lè sọ ara rẹ̀ di ewé oòrùn. Igi náà ní láti hu òmíràn, èyí sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Inú igbó sì ni kọfí ti wá: irú èyí tí à ń gbìn ní ilẹ̀ wa, tí a ń pè ní robusta, ará igbó ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà ni, bí kòkó ti jẹ́ ará igbó Amazon. Abẹ́ igi ńlá ni ọmọ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé.

Ìyá náà kọ́ wa bí a ti í wọn òjìji láìsí ohun èlò. Ní ọ̀sán, na ọwọ́ rẹ sókè orí àwọn ọmọ igi náà. Bí òjìji ọwọ́ bá dúdú, tí a lè ka ìka márààrún, oòrùn ti pọ̀ jù. Bí kò bá sí òjìji rárá, òkùnkùn ni. Èyí tí ó hàn fírífírí ni ó yẹ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

A tún kọ́ àtíbàbà ní oṣù kẹwàá, pẹ̀lú ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Kabba wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó dín díẹ̀ ní díígírì 8. Nítorí náà láti oṣù kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ti ń wò wá. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a tẹ́ sí orí nìkan kò tó ní àkókò ọyẹ́, nítorí oòrùn yóò gba abẹ́ wọlé. A fi imọ̀ dí ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, a sì ṣí ìlà-oòrùn sílẹ̀, kí oòrùn òwúrọ̀ tí kò mú jù lè bà wọ́n. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán a dé àtàrí wa gangan; ẹni tí ó bá ṣí orí àtíbàbà lójijì ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ tiwa.

Ìpele mẹ́ta ni a tẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ní ewé méjì-méjì lọ́nà méjì lẹ́yìn ti labalábá, a ká ìpele kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a ká èkejì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìkùukùu ṣú. Àwọn mélòó kan funfun létí ewé, a sì dá wọn padà sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí òjìji ti ń dínkù ni omi tí wọ́n ń fẹ́ ń pọ̀ sí i; ìka ni a fi ń dán ilẹ̀ ọ̀rá wò ní òwúrọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ fún tòmátì tàbí ata o, tàbí kajú tí ó kún Ìpínlẹ̀ Kogi. Oòrùn gbangba ni ìwọ̀nyí ń fẹ́ ní kùtùkùtù ayé wọn. Kí a sì ṣọ́ra fún ohun tí a kọ sára páálí irúgbìn òkèèrè. Bí ó bá wí pé “oòrùn kíkún”, oòrùn ìlú tí a ti tẹ páálí náà ni ó ń wí, bóyá London tí ó wà ní díígírì 51.

Ọmọ kọfí 280 ni a gbìn lọ́tẹ̀ yìí. 263 ni ó wà láàyè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣíji bò wọ́n ní oko ti ga ju orí wa lọ. Àbúrò wa wá ní ọjọ́ Àjíǹde, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mẹ́nu kan ilẹ̀ títà. Ìpele imọ̀ kan ni ó kù lórí àtíbàbà. A ó ká a ní Sátidé, bí òjò bá rọ̀.