Ọmọ Tó Wà Láàárín: Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ẹ̀kọ́ Ilé fún Un Nígbà Ìsinmi Gígùn

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń sá àgbàdo kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí a ṣe parí, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan bi wá ní ìbéèrè tí kò kan àgbàdo rárá. Ó ní: "Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí CM1. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í gba ipò kìíní. Mọ́kànlá nínú ogún ló gbà. CM2 ló ń lọ yìí. Kí ni mo lè fi kọ́ ọ nílé títí wọn ó fi wọlé? Èmi ò mọ̀wé Faransé."

Màmá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yẹn wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní, olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó gbẹ́yìn, olùkọ́ mọ òun náà, torí wàhálà rẹ̀ ń hàn. Ọmọ tó wà láàárín ni kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nínú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́, ó lè jókòó jẹ́ẹ́ láti CI dé CM2, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé àtìgbà CE1 ni nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òpin CM2 sì ni ìdánwò CEP wà. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń gba mọ́kànlá ti ń bọ́ sí mẹ́sàn-án, tí bàbá á wá máa pariwo pé wọ́n fi ọmọ òun ṣe àfọ̀ṣẹ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ilé tí à ń sọ yìí kò rọ́pò ilé ìwé. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní abala 13 pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ni à ń dí. Ẹ ò gbàgbé ọdún 2020 nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé ìwé. Àwọn CM2 padà ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, àwọn kéékèèké ṣì wà nílé. Ilé tí wọ́n ti ń jókòó ti ọmọ tẹ́lẹ̀, ọmọ wọn ò gbàgbé púpọ̀.

Ó dáa. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má kọ́kọ́ ra ìwé. Ìyẹn ni àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe. A ó gba ọjà lọ, a ó ra ìwé CM2 tuntun, a ó gbé e fún ọmọ, a ó ní kó máa kà á. Bí ilẹ̀ ilé bá ti là, ṣé òrùlé tuntun ló máa tún un ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ọmọ dúró sí. Kíláàsì tí wọ́n kọ sára káyé rẹ̀ kò sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ ní kó gbé ìwé Faransé tó lò ní CE2 jáde. Mo ní CE2, kì í ṣe CM1. Ẹ ṣí i síbi kan, kó kà á sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé, etí yín tó. Ẹ máa gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ń lọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tàbí ó ń já bí okùn tó ti gbó. Bí ó bá ń lọ geere, ẹ má tíì yọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti há ojú ewé yẹn sórí bí orin. Ẹ fi ọwọ́ bo òkè ìwé náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Tó bá dákẹ́, ẹ ti mọ̀ pé orí ló ń kà, kì í ṣe ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé. Ẹ sọ fún un pé: "Sọ ohun tó o kà yẹn fún mi ní Yorùbá." Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Ọmọ tó kà láìṣì lè má mọ ẹni tó lọ sí ọjà nínú ìtàn náà, ohun tó lọ rà, tàbí ìdí tó fi sunkún padà wálé. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ padà sí ìwé CE1. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tó lè kà tó sì lè sọ ní Yorùbá, ibẹ̀ ló dúró sí.

Ó ku ìṣirò. Ẹ bi í lẹ́nu ní Yorùbá: "Mo fún ọ ní 1 000 fránkì. O ra iyọ̀ 150, o ra kúùbù 75. Mélòó lo máa mú padà wá fún mi?" Ọmọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ tajà máa dá yín lóhùn kíákíá pé 775. Wàyí o, ẹ ní kó ṣe é nínú káyé. Tó bá ṣì í níbẹ̀, ẹ jẹ́ mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ìwé ni kò mọ bó ṣe máa gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí jù lọ lónìí. Ọmọ tiwa tó wà láàárín, ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju máàkì rẹ̀ lọ. Faransé ló máa ń dì í lọ́nà nínú ìṣirò. Ẹ wò ó: ẹ ra epo pupa bídọ́ọ̀nù lítà 25. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 20 000 fránkì lẹ rà á. Lítà kan já sí 800. Ẹ wá ń ta lítà kan ní 900. Gbogbo rẹ̀ di 22 500. Ẹ san 500 fún zémì. Èrè yín jẹ́ 2 000. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá tó jókòó tì yín lọ́jà mọ èyí. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, wọ́n á kọ ọ́ pé prix d'achat, prix de vente, frais, bénéfice. Ọmọ á rí bénéfice, á rò pé ohun tuntun ló dé, á sì máa fi ẹnu jẹ bíìkì. Èrè tó ti ń rí látìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni!

Nítorí náà, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí ti aládùúgbò, kọ orúkọ mẹ́rin yẹn sára pátákó tàbí sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kó kọ Yorùbá wọn sí ẹ̀gbẹ́: owó tí a fi rà á, owó tí a tà á, owó ìnáwó, èrè. Gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ọmọ ṣe ìṣirò ọjà kan ṣoṣo, kó kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ Faransé yẹn. Ọjà kan, ìṣirò kan. Ó tó.

Òǹkà náà ńkọ́? Mo ti rí ọmọ tó kọ 6015 nígbà tí wọ́n pè é ní soixante-quinze. Wọ́n ní ọgọ́ta, ó kọ 60; wọ́n ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ 15. Kò purọ́ kankan. Ẹ ṣàlàyé fún un pé Faransé ń fi kún un, àwa ń yọ kúrò. Soixante-quinze, ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Tiwa, márùndínlọ́gọ́rin, ọgọ́rin dín márùn-ún. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé 80, quatre-vingts, ogún mẹ́rin ni wọ́n ń wí. Ọgọ́rin tiwa ńkọ́? Ogún mẹ́rin náà ni. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbàgbé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá pín àkókò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje dé ìdajì oṣù kẹsàn-án, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 75. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kà á, ẹ fi ọjà kà á. Ọ̀pọ̀ ọjà wa ló ń padà wá ní ọjọ́ karùn-ún, tí a bá ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Nínú ọjọ́ 75, ẹ ó rí ọjà 18 ó lé díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta fún ìwé, ọjọ́ ọjà fún ìṣirò ọjà. Ọjà 10 àkọ́kọ́, ẹ fi wọ́n tún ibi tó ti bàjẹ́ ṣe. Ọjà 6 tó tẹ̀ lé e, ẹ fi wọ́n padà sórí ohun tó kọ́ ní CM1. Ọjà 2 tó kù, ẹ jẹ́ kó sinmi, kó lọ kí ìyá àgbà.

Lójoojúmọ́, wákàtí kan ààbọ̀ péré, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣe é ṣì rí. Lọ́dún kan, mo kọ ètò fún ọmọ mi bí ti ilé ìwé gan-an: aago mẹ́jọ Faransé, aago mẹ́sàn-án ìṣirò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Ọjọ́ kẹrin, mo ti ọjà dé, mo bá káyé lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ti lọ dẹ tàkúté fún ọ̀yà. Kò sì pa ọ̀yà kankan.

Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíkà: ìdajì ojú ewé, kó kà á, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó mú ọ̀rọ̀ Faransé márùn-ún níbẹ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́jọ́ mẹ́ta, nínú ọjà 16, ó ti di ọ̀rọ̀ 240. Ìdajì wákàtí kejì jẹ́ ti ìṣirò, pàápàá ìsọdipúpọ̀: láti orí 2 dé orí 9, ọjà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjà 8 ti parí rẹ̀. Ìdajì wákàtí kẹta jẹ́ ti kíkọ. Bí kò bá sí ẹni tó lè pe ọ̀rọ̀ fún un kó máa kọ ọ́, kó ka ìlà mẹ́ta, kó fi ọwọ́ bò ó, kó kọ ọ́ láti orí, kó wá ṣí i, kó fi bíìkì pupa tún ti ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin, ẹ jókòó tì í. Ẹ lè máa yan gààrí tàbí kẹ́ ẹ máa ṣẹ́ àgbàdo, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé Yorùbá ní kíláàsì àwọn àgbà, tí ẹ mọ ɛ àti ɔ, ẹ má fojú kéré ara yín. Ẹ lè tẹ̀ lé ìwé yẹn pẹ̀lú ìka bí ọmọ ṣe ń kà á.

Ẹ̀kọ́ yòókù, bíi sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ má pààmù. Àgbàdo ń gbó lóko lásìkò yìí. Kó wo irúgbìn, kó wo kòkòrò inú rẹ̀, kó kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀ ní Faransé. Ó ti ṣe kíkọ, ó ti ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni, ìwé kọ́. Kó má fi àtùpà eléèéfín kàwé lóru. Tó bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tó máa ń sọ pé òun ò rí pátákó, ẹ mú un lọ kí wọ́n wo ojú rẹ̀. Ọmọ kan lè wà láàárín kíláàsì nítorí pé kò ríran dé iwájú.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọmọbìnrin ńkọ́? Mo mọ ilé tí ọmọkùnrin ń kàwé lábẹ́ igi, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní CM1 ń pọnmi, ń fọ abọ́, ń gbálẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn, tiwọn méjèèjì ni. Kí omi tó tán, kí ọmọkùnrin náà lọ pọn ún. Àwọn tó sì máa ń wá lásìkò ìsinmi pé àwọn fẹ́ mú ọmọ lọ sí Nàìjíríà tàbí Cotonou fún oṣù méjì péré, kó lọ ran àwọn lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọmọ máa padà. Oṣù kẹsàn-án dé, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà, ipò wọn á ṣófo ní CM2.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, ẹ kó ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ. Ẹ wá ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ní sùúrù, ẹ dá owó díẹ̀ jọ fún un. Lẹ́yìn ọjà mẹ́rin mẹ́rin, ẹ tún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ṣe: kíkà láti àárín, sísọ ní Yorùbá, ìṣirò lẹ́nu àti nínú káyé. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn káyé. Bí ọmọ ò bá tíì kúrò lójú kan, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìwé tó rọrùn jù ú lọ. Ẹ má gùn ún lọ sókè.

Tí ilé ìwé bá wọlé, ẹ mú káyé yẹn lọ bá olùkọ́ CM2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní: "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí ọmọ yìí ṣe nìyí, ibi tó ṣì ń kọsẹ̀ nìyí." Láti ọjọ́ náà, olùkọ́ ti mọ orúkọ rẹ̀.

Màmá tó béèrè ọ̀rọ̀, ìwé CE2 lẹ máa kọ́kọ́ wá. Bí eku bá ti jẹ ẹ́, ẹ yá ti aládùúgbò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí àgbàdo wa, a ó sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sínú àká.