A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ìró ńlá kan dún ní Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn, ilẹ̀ sì mì tìtì. Ilé wó, fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tí ó jìnnà, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì kéde pé àwọn tí ó fara pa tó 77. Gómìnà sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ẹ̀tù pamọ́ sínú ilé kan ní àárín àwọn ènìyàn.

Kì í ṣe ète wa lónìí láti dá ẹjọ́ tí ó tọ́ sí ilé ẹjọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń gbé wa lọ́kàn: ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ta ni nínú àwọn aládùúgbò, nínú àwọn panápaná, tàbí nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri ilé náà? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n báwo ni a óò ṣe kìlọ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀ pé ó ń jẹ kòkòrò?

Ẹ jẹ́ kí a rántí Abúlé-Àdó ní ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. NNPC, ilé iṣẹ́ epo ti ìjọba àpapọ̀, sọ lẹ́yìn ìwádìí àkọ́kọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọlu àwọn sìlíńdà gáàsì tí a tò jọ nítòsí ọ̀nà páìpù epo. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, Bethlehem Girls College, wà ní àdúgbò náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń gba àwọn ọmọ là. Ìgboyà rẹ̀ kò ní í parẹ́ nínú ìrántí wa. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá fi ìgboyà olùkọ́ dípò ètò kò tíì ṣe ojúṣe rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1984, èéfín olóró tú jáde láti ilé iṣẹ́ oògùn apakòkòrò ti Union Carbide ní ìlú Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ọdún 1985, èéfín tún tú jáde ní ilé iṣẹ́ kọ́ńpìnnì kan náà ní Institute, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún fi dé ilé ìwòsàn. Nígbà náà ni ojú àwọn ará Amẹ́ríkà là, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 1986.

Òfin náà kò ṣòro láti lóye. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ní ohun eléwu tí ó tó ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ibi tí ó wà sínú ìwé lọ́dọọdún, kí ó má kọjá ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà. Ibi mẹ́ta ni ìwé náà ń lọ: ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò, àti ọ̀dọ̀ panápaná. Bí ohun eléwu bá tú jáde, kí wọ́n kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ àdúgbò, tí ọlọ́pàá, panápaná, oníṣègùn, oníwèé ìròhìn, ará ìlú àti àwọn onílé iṣẹ́ fúnra wọn jókòó nínú rẹ̀, ni yóò kọ ètò bí a óò ṣe kìlọ̀ fún ènìyàn àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá àsálà. Ará ìlú tí ó bá sì fẹ́ ka ìwé náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un.

A kò sọ pé ìwé nìkan tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe ọdún 2013, ilé ìkó-ajílẹ̀-sí kan gbiná, ó sì bú gbàmù ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní West, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ènìyàn 15 ni ó kú, 12 nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ó sáré wá pa iná. Ilé ẹ̀kọ́ bàjẹ́. Ọpẹ́ ni pé alẹ́ ti lẹ́, àwọn ọmọ ti lọ sílé. Òfin wà, ìwé wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sáré lọ síbẹ̀ kò ní ìmúrasílẹ̀ tí ó yẹ fún irú iná bẹ́ẹ̀. Ìwé tí a kọ tí a kò kà, bí ẹni fi omi sínú agbọ̀n ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè fún ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa. Èkínní, kí ilé epo, ilé gáàsì, ibi ìfọ́-òkúta, ilé ìtajà oògùn apakòkòrò àti ilé iṣẹ́ tí ń lo ásíìdì máa kọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn sínú ìwé kan ṣoṣo lọ́dọọdún, láìsan kọ́bọ̀. Èkejì, kí ìgbìmọ̀ àdúgbò jókòó lórí ìwé náà, kí wọ́n sì kọ ètò sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí panápaná àti ará ìlú jọ dán ètò náà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Àwọn oníṣòwò kan yóò ní ọgbọ́n àtigba owó orí ni. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàì ní ìdí, nítorí náà ni a fi ní kí a má ṣe gba kọ́bọ̀ lórí ìwé náà. Àwọn mìíràn yóò ní olè yóò ti ibẹ̀ mọ ibi tí ẹrù wà. Ṣùgbọ́n olè kò nílò ìwé kí ó tó mọ ilé gáàsì. Panápaná ni kò mọ ohun tí ó fẹ́ bọ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iná kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó jó ilé. Nígbà tí àwọn tí ń du ipò alága àti káńsẹ́lọ̀ bá wá bẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n pé: níbo ni ìwé ohun eléwu àdúgbò wa wà? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ kò tíì yẹ ní ẹni tí à ń dìbò fún, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de òfin. Ẹ bá àwọn ọmọ ya àwòrán àdúgbò ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ibi tí gáàsì, epo àti ásíìdì wà. Ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tò jáde, ibi tí wọn yóò péjọ sí, àti ẹni tí yóò pe orúkọ wọn. Ẹ pe onílé gáàsì tí ó múlé ti ilé ẹ̀kọ́ wá sí ìpàdé àwọn òbí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé iná wà lórí òrùlé, oorun ni yóò máa sùn. Ẹ jẹ́ kí a jí ara wa.