Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Páráṣúùtì Tó Kéré Jù Ń Pa Àwọn Tó Ń Bẹ́ Láti Inú Bàálù

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń béèrè bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láti inú bàálù nítorí fàájì: "Bí agbòòrùn yẹn kò bá ṣí ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ eré náà dunjú mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó tẹ̀ lé e: "Ṣé agbòòrùn tí ọmọ náà fẹ́ lò kò kéré jù fún un?" Ohun tó fà á ni pé láti bí ọgbọ̀n ọdún wá, lára ohun tó ń pa àwọn tó ń ṣe eré yìí jù ni páráṣúùtì tó ṣí dáadáa, tí kò ya, tí okùn rẹ̀ kò já, ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè darí rẹ̀ balẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹni tó bá ti gbé abà rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà. Kò sí akọpẹ tó gbọ́n tí yóò gun ọ̀pẹ láì kọ́kọ́ fọwọ́ pa igbà rẹ̀ wò láti orí dé ìdí. Kì í sì í ṣe pé kí igbà má ṣe já nìkan ló ń wò, ó tún ń wò ó bóyá ó bá òun mu, tí ó sì bá ọ̀pẹ tí òun fẹ́ gùn mu. Bí ọ̀rọ̀ páráṣúùtì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré yìí, tí wọ́n ń pè ní USPA, máa ń ka iye ẹni tó bá kú nídìí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní àwọn ọdún 1970, bí a bá dá a sí méjì-sí-mẹ́ta, iye náà ń lé ní 40 lọ́dún kan. Ní ọdún 2023, èèyàn 10 ló kú, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bẹ́ lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Irinṣẹ́ ti dára sí i, ìyẹn dájú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni bí èèyàn ṣe ń yan èyí tí yóò lò.

Láti orí agbòòrùn róbótó dé orí èyí tó ń fò

Páráṣúùtì kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1797, ará Faransé kan, André-Jacques Garnerin, fi aṣọ ńlá kan tó dàbí agbòòrùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ìlú Paris. Aṣọ náà ń mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń jó, ṣùgbọ́n ó balẹ̀ láàyè.

Irú èyí tó rí róbótó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀kan lára àwọn tí ó gbà là ni George H. W. Bush, tó padà di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, wọ́n yìnbọn lu bàálù rẹ̀ nítòsí erékùṣù Chichi Jima ní ìhà Japan. Bó ṣe bẹ́ ni orí rẹ̀ gbá ìrù bàálù, tí páráṣúùtì rẹ̀ sì fàya. Ó balẹ̀ sínú òkun, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló wá gbé e. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú bàálù náà kò padà wálé.

Agbòòrùn róbótó kò le láti lóye: ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ ló ń lọ, tí yóò sì máa bọ̀ wálẹ̀ tààrà. Ní ọdún 1964 ni Domina Jalbert, tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nídìí ṣíṣe káìtì, gbé irú mìíràn jáde. Aṣọ onípele méjì ni, ó rí gbọọrọ bí ìyẹ́ bàálù, ó sì ní àwọn àpò tí afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọ̀ tí yóò fi le gbandi. Irú rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń ṣe eré yìí ń lò lóde òní. Kì í já wálẹ̀ lásán, ńṣe ló ń fò lọ síwájú. Okùn ìdarí méjì ló wà lọ́wọ́ èèyàn: bó bá fa tọ̀tún, yóò yà sọ́tùn-ún, bó bá fa tòsì, yóò yà sósì. Bó bá sì ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò fa méjèèjì papọ̀ kí eré aṣọ náà lè rọlẹ̀.

Ire ńlá ni èyí jẹ́, nítorí èèyàn lè yan ibi tí yóò balẹ̀ sí, kó má bàa já sórí igi tàbí sínú odò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sáré síwájú lè sáré kọlu nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpò ẹ̀yìn

Àpò kan ṣoṣo ni ẹni tó fẹ́ bẹ́ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n páráṣúùtì méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń lò lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè dì í. Èkejì ni ti ìgbà ìṣòro, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè dì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìjọba fún ní ìwé-ẹ̀rí nìkan ló lè dì í, ó sì gbọ́dọ̀ tú u, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tún un dì láàárín ọjọ́ 180. Yóò fi èdìdì sí i, yóò sì kọ ọjọ́ tó dì í sínú káàdì kan tó máa ń wà nínú àpò náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àpò kan ṣeé gbára lé, káàdì yẹn ni kó kọ́kọ́ béèrè.

Bí páráṣúùtì àkọ́kọ́ bá lọ́ tàbí tó ń yí gbiri, èèyàn gbọ́dọ̀ já a sọnù kó tó ṣí èkejì, kí méjèèjì má bàa lọ́ mọ́ra. Bill Booth, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe òrùka mẹ́ta mẹ́ta tó mú èyí rọrùn ní àwọn ọdún 1970: ọwọ́ kan ni a ó fà, aṣọ tó bàjẹ́ yóò sì já lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní CYPRES, tó ti Jámánì wá, tó sì bọ́ sọ́jà ní ọdún 1991. Ó ń ka bí èèyàn ṣe jìnnà sílẹ̀ tó àti bó ṣe ń yára já bọ̀ tó. Bí èèyàn bá ti sún mọ́ ilẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 750, tó ṣì ń já ṣòòròṣò, bóyá nítorí ó ti dákú tàbí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ̀rọ náà yóò gé okùn tó ti páráṣúùtì kejì pa, ìyẹn yóò sì ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni irú ẹ̀rọ báyìí ti gbà là. Ṣùgbọ́n ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti ṣí tẹ́lẹ̀, tó wá fi ìwàǹwára yíjú nígbà tó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ kankan kò lè gbà á.

Booth yìí kan náà ló máa ń sọ ọ́ bí òfin pé bí irinṣẹ́ eré yìí bá ṣe ń láàbò sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lò ó yóò máa fẹ̀mí wewu sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òótọ́. Nígbà tí kò sí ìbẹ̀rù pé aṣọ kò ní ṣí mọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ kékeré tó ń sáré.

Ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe

Bí wọ́n ṣe ń wọn páráṣúùtì kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wọn yàrá. Èyí tó jẹ́ 200 fẹ̀ tó ilẹ̀ yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó sì fẹ̀ ní 10. Èyí tó jẹ́ 120 kò ju yàrá 12 sí 10 lọ.

Kí a sọ pé ẹnì kan wọn kílò 80, tí àpò, aṣọ àti akoto rẹ̀ sì wọn kílò 12. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 92, ìyẹn bíi 203 lórí òṣùwọ̀n páùn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Bó bá lo aṣọ 200, páùn kan ló bọ́ sórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Bó bá lo aṣọ 120, ó di páùn kan àti ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ìmọ̀ràn tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé kó má ṣe kọjá oókan yẹn. Aṣọ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kéré sí 200, ó sì lè tó 300 bí ó bá jẹ́ ẹni tó sanra.

Àwọn tí ara wọn fúyẹ́, pàápàá àwọn obìnrin, gbọ́dọ̀ tún ṣọ́ra. Ìṣirò lè sọ pé aṣọ kékeré tó wọn, ṣùgbọ́n okùn aṣọ kékeré kúrú, ó sì máa ń tètè yí ju èyí tó tóbi lọ, kódà bí ìṣirò méjèèjì bá dọ́gba.

Bí ewu náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Bí èèyàn bá fa okùn ìdarí kan gan-an, aṣọ náà yóò yí, yóò sì tún dorí kodò kó tó padà gbéra. Aṣọ ńlá a máa padà bọ̀ sípò láìpẹ́, aṣọ kékeré ń gba àyè gígùn kó tó gbéra. Ẹni tó wá rí igi, wáyà iná tàbí ẹlòmíràn níwájú rẹ̀ nígbà tó ti sún mọ́ ilẹ̀, tó fi ìjáyà fa okùn kan, ilẹ̀ yóò pàdé rẹ̀ kí aṣọ náà tó gbórí sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó balẹ̀ ní gbọọrọ tààrà, kódà bí kì í bá ṣe ibi tó fẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ́ ó kéré tán ní ìgbà 25. Ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí aṣọ ńlá bọ́ sórí kékeré gbọ́dọ̀ ṣe é ní díẹ̀díẹ̀, kó ti mọ bí a ṣe ń yí, bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń balẹ̀ síbi tó fojú sùn, àti bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bára dé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ dè mọ́ akoto kí wọ́n lè gbé fídíò sórí Facebook. Okùn lè kọ́ ọ, ìmọ̀ràn USPA sì ni pé kí èèyàn ti bẹ́ ní ìgbà 200 kó tó gbé e dání.

Tòkunbọ̀ ń kọ́?

Páráṣúùtì tuntun wọ́n gógó, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń ra tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí èèyàn bá ṣe é bó ṣe yẹ. Kí ó má sanwó tán kí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí tó yẹ̀ ẹ́ wò. Okùn a máa gbó, irú àwọn kan sì máa ń súnkì bí wọ́n bá ti ń lò wọ́n pẹ́, tí aṣọ kò fi ní fò tààrà mọ́. Kí ó sì rántí pé ohun tó pọ́n kò jẹ́ kó wọn ẹni: aṣọ tó bá ẹni tó tà á mu lè kéré jù fún ẹni tó rà á.

Fún àwọn àgbàlagbà tó bá wù láti tọ́ ọ wò, ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n so wọ́n mọ́ olùkọ́, kí àwọn méjèèjì jọ lo aṣọ ńlá kan. Bí Bush ṣe bẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2014 nìyẹn, ní ọjọ́ tó pé ẹni 90 ọdún, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìrora ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí dókítà ná.

Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ti pinnu láti máa bẹ́ fúnra rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin péré ló yẹ kó bi í lórí fóònù. Báwo ni aṣọ rẹ ṣe tóbi tó, ta ló sì bá ọ yàn án? Ọjọ́ wo ni wọ́n dì èkejì gbẹ̀yìn? Ṣé o ti tan ẹ̀rọ rẹ kó o tó wọ bàálù? Ibi gíga wo lo ti ní láti pinnu bí àkọ́kọ́ kò bá dára? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ìdáhùn tó kẹ́yìn yìí ni ẹsẹ̀ bàtà 2,500. Bí ọmọ náà bá dáhùn láì fà á sẹ́yìn, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ń wá ọ̀rọ̀ sọ, kó padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kó tó tún wọ bàálù.