Ògiri Kan Náà, Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Màmá Bọ̀dé, ìbéèrè tí ẹ bi mí lánàá lẹ́nu géètì ti da ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé láàmú. Wọ́n fi ilẹ̀ méjì hàn yín, iye kan náà ni wọ́n pè é. Àkọ́kọ́ fẹ̀ ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, ó gùn ní 120. Èkejì ò fẹ̀ ju 30 lọ, àmọ́ ó gùn dé 150. Bíríkìlà ní iye búlọ́ọ̀kù kan náà ni ọgbà méjèèjì máa jẹ, ẹ wá ní ṣé wọ́n tóbi bákan náà nìyẹn. Ó tì o.

Nǹkan méjì là ń wọ̀n lára ilẹ̀. Ọ̀kan ni àyíká: ẹ dúró ní igun kan, ẹ máa tọ ààlà lọ títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti gbéra, kí ẹ ka gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ rìn. Òun ni bíríkìlà fi ń mọ iye búlọ́ọ̀kù. Ìkejì ni ojú ilẹ̀, ìyẹn gbogbo ibi tí ẹ lè kọ́lé tàbí gbin ẹ̀fọ́ sí láàárín ààlà.

Bíríkìlà yín ò purọ́. 60, 120, 60 àti 120 jẹ́ 360. 30, 150, 30 àti 150, 360 náà ni. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní 18 ínǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, nítorí náà ìlà kan yíká ọgbà á jẹ bíi 240, ká tó yọ ẹnu géètì.

Ní ti ojú ilẹ̀, ẹ fi ọkàn tẹ́ táìsì sí i, kí ẹ̀gbẹ́ táìsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Lórí ilẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà kan ní ìbú á gba 60, irú ìlà bẹ́ẹ̀ 120 ló sì máa kún un: 60 lọ́nà 120, táìsì 7,200. Èkejì ńkọ́? 30 lọ́nà 150 ò ju 4,500 lọ. Ẹ ti pàdánù 2,700, ẹ sì máa mọ ògiri kan náà! Bó bá jẹ́ 90 sí 90 ni, àyíká ṣì jẹ́ 360, táìsì á di 8,100. Bí ilẹ̀ ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni inú rẹ̀ ń tán.

Kódà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pé kí ilẹ̀ má pé. Ẹ mú páálí ọṣẹ tó ti ṣófo, ẹ ṣí ìdí àti ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e dúró bíi férémù. Ẹ ti igun rẹ̀ kan, á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún tì í, á pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kankan ò kúrú, ṣùgbọ́n ààyè inú rẹ̀ ti lọ. Ilẹ̀ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà báyìí, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ta téèpù láti igun dé igun, lápá méjèèjì. Bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra bá dọ́gba, tí ìlà méjì tó dábùú yẹn náà sì dọ́gba, igun rẹ̀ gún.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “pulọ́ọ̀tì” tàn yín o. Níbì kan 60 sí 120 ni, níbòmíràn 50 sí 100, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 5,000 péré. Éékà kan jẹ́ 43,560, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé pulọ́ọ̀tì ńlá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, láì tíì yọ ọ̀nà.

Ilẹ̀ onígun mẹ́ta tó kù létí títì? Ẹ ká ìborùn yín láti igun dé igun, ìdajì ló kù. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ lọ́nà gíga rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Gíga tó dúró ṣánṣán ni o, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó dagun. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 30, 40 àti 50, 600 ni ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fi 40 ṣe ìdí, tó wá fi 50 ṣe gíga, á pè é ní 1,000, á sì gbowó lórí 400 tí kò sí níbẹ̀. (30, 40, 50 yìí náà ni bíríkìlà fi ń mú igun ilé gún: 3, 4, 5.)

Kànga róbótó rọrùn: ìbú rẹ̀ lọ́nà 22, ẹ pín in sí 7, àyíká rẹ̀ nìyẹn. Ìbú 7 á fún yín ní bíi 22.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tó lọ, ẹ kan ilẹ̀kùn mi. Téèpù mi ò ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ta á lórí ilẹ̀ gbọọrọ yẹn, kí Bọ̀dé bá wa di ìdí rẹ̀ mú.