Rédíò Agbọ́rọ̀-Ọlọ́pàá: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin ará Agbájá, àwọn ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ ra scanner, rédíò tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti panápaná. Owó ńlá ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá níbẹ̀, òpó púpọ̀ ni ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Simulcast ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀rọ̀ òpó kan bá fi díẹ̀ bíńtín ṣáájú ti èkejì dé, wọn a dàrú mọ́ra, bí ẹni méjì tí ń ka ìwé kan náà sókè tí ẹnu wọn kò ṣe déédéé. Rédíò àtijọ́ a kàn máa kùn, ṣùgbọ́n lórí P25, tí í ṣe dígítàlì, ọ̀rọ̀ a já sọnù. Èríàlì gíga gan-an lè bà á jẹ́ sí i, nítorí òpó púpọ̀ sí i ni yóò gbọ́.

Uniden SDS100, tí ó jáde ní 2018 ní nǹkan bí 700 dọ́là, ni wọ́n ṣe fún ìyọnu yìí. Níbi tí kò sí simulcast, èyí tó dínwó tó. Bí ọlọ́pàá bá sì ti ń fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́, bí ti New York ti bẹ̀rẹ̀ ní 2023, kò sí èyí tí yóò gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá fún bàbá rẹ̀ níhìn-ín o! Rédíò oníbátìrì tó ń gbọ́ FM Lọ́kọ́ja ni kó rà. Ní 2012 àti 2022 tí omi ya wọ Lọ́kọ́ja, ìròyìn ibi tí omi dé ni a ń wá.